Ẹni Tó Wa Apá Kejì Ọkọ̀

Ìkúnayọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti dákẹ́.

Fíìmù tí wọ́n fi ìwé àtijọ́ kan ṣe, *Erékùṣù Tó Ń Rìn*, ni wọ́n ń fi hàn ní sinimá kan ní Airport Road, ní Effurun. Nígbàkigbà tí nǹkan bá ti yàtọ̀ sí ti inú ìwé, Ìkúnayọ̀ á mí kanlẹ̀, á ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀." Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yíjú padà.

"Sister, abeg," ó ní. "If e no be so, how e come be?"

Èébú ni Ìkúnayọ̀ ń retí. Ó wo ojú ọmọkùnrin náà, ó rí i pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Jẹ́ kó parí ná," ó ní. "Màá sọ fún ẹ níta."

Níta, ọmọkùnrin náà ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan fún àwọn méjèèjì. Gbénga lorúkọ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń ta ọ̀dà ilé ní ìsàlẹ̀ títì yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n, ṣùgbọ́n Warri ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ìkúnayọ̀ ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé kan ní Ajamimogha. Ìlàjẹ ni àwọn ẹbí rẹ̀, apẹja ni bàbá rẹ̀, létí omi ni wọ́n sì ń gbé.

"Oya, talk," Gbénga ní.

"Nínú ìwé, ìyá Olúsànmí kò rí oorun sùn mọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti bómi lọ. Olúsànmí bá gbéra láti lọ wá oorun fún un ní erékùṣù tó ń rìn kiri lójú òkun. Obìnrin ọlọ́kọ̀ kan ló bá a lọ, torí pé ọkọ̀ náà kì í gbọ́ ti ẹnì kan. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wà á, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹnì kan bá dá a wà, ojú kan ni yóò ti máa pòyì."

"But for film, na crown e dey find. And na only am dey paddle."

"Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Wọ́n sọ oorun di adé. Wọ́n ní kí obìnrin yẹn dúró léèbúté, kó máa juwọ́."

Gbénga jẹ bọ̀ọ̀lì díẹ̀, ó rò ó. "Sleep no dey show for camera now. How dem for take snap am?"

Ìkúnayọ̀ kò rò ó débẹ̀ rí. Ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn ju bọ̀ọ̀lì lọ.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Ṣé wọ́n wá ṣe nǹkan kan dáadáa?"

"The island. As e stand up begin waka. You see am like that for your own head?"

"Rárá. Lójú tèmi, ńṣe ló dà bí ọkọ̀ tó ń kó gẹdú. Ti fíìmù dára ju tèmi lọ."

"So how the book end?"

"Mi ò mọ̀," Ìkúnayọ̀ ní, ojú sì tì í díẹ̀. Ìwé bàbá rẹ̀ ni. Lọ́dún tí omi wọlé wọn, àwọn ojú ewé tó kẹ́yìn jẹrà dànù, wọn kò sì tẹ ìwé náà mọ́. Torí ìparí yẹn ló ṣe wá sí sinimá. Fíìmù wá fi ogun parí, wọ́n dé Olúsànmí ládé, kò sẹ́ni tó rántí ìyá tí kò rí oorun sùn.

Látọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé ni Ìkúnayọ̀ ń ka ìwé náà sí Gbénga létí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn garawa ọ̀dà, torí pé ìyá Gbénga kì í wá ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ka apá kan tán, wọ́n á wo apá yẹn nínú fíìmù lórí laptop Gbénga, wọ́n á sì máa jiyàn. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fura. Gbénga ń pè é ní Ayọ̀ mi. Òun náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní olówó orí mi ọ̀la, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ṣàwàdà.

Nígbà tí Gbénga sọ ọ́ nílé, ìyá rẹ̀ da omi tútù sí i.

"Ọmọ tó dàgbà lórí omi?" ó bi Gbénga. "Lọ́jọ́ tó bá gbé ẹ wọnú ọkọ̀, níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹ? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Gbénga sọ ọ́ fún Ìkúnayọ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Inú Ìkúnayọ̀ bàjẹ́ gan-an.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ilé tí wọn ò ti fẹ́ mi. Bí Màmá bá dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn, á jẹ́ pé ibi tí a bá a dé nìyí."

Gbénga nu ojú.

"The thing wey dey pain me be say, my mama read that book for school," ó ní. "For Ìjẹ̀bú-Òde. Na am dem take do exam."

Ìkúnayọ̀ gbójú sókè. "Wọ́n mọ ìparí rẹ̀?"

"She suppose know am."

"Mú mi lọ bá wọn."

"Make we go beg?"

"Ká lọ béèrè. Bí wọ́n bá máa lé mi, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ìkúnayọ̀ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Màmá Gbénga.

"Ìwọ ni ọmọ Ìlàjẹ yẹn," Màmá ní.

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, bí *Erékùṣù Tó Ń Rìn* ṣe parí ni mo wá béèrè lọ́wọ́ yín."

Màmá wò ó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè ìwé Yorùbá kankan nínú ilé yẹn. Ó tún gèlè ṣe, ó wo Gbénga, ó tún wo ọmọbìnrin náà.

"Olúsànmí fi obìnrin ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún," ó ní. "Ó dá wa ọkọ̀ rẹ̀ wálé, ó gbé oorun fún ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀. Ó parí."

Gbénga tẹjú mọ́lẹ̀. Ọkàn Ìkúnayọ̀ gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì lè gbé e mì.

"Ẹ má bínú, mà. Báwo ló ṣe dá wa ọkọ̀ yẹn?"

"Ó wà á ni."

"Ti inú ìwé kì í gbọ́ ti ẹnì kan, mà. Ti inú fíìmù ni wọ́n ń dá wà." Ó rọra béèrè, "Àbí ẹ ti wo fíìmù náà ni?"

Màmá yíjú sí fèrèsé.

"Mummy," Gbénga ní, "so na you carry my laptop that time?"

Màmá fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín kò jẹ́. "Mo wò ó. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ìwé mi ṣe. Wọ́n bà á jẹ́."

"Wọ́n bà á jẹ́, mà."

"Odidi oorun, ó di adé."

"Ṣùgbọ́n erékùṣù yẹn dáa, mà."

"Ìyẹn dáa. Mi ò lè purọ́ mọ́ wọn." Màmá fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Dìde nílẹ̀, jókòó. O ka ìwé náà."

Ó wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Olúsànmí dé, ó fi obìnrin náà pamọ́ sínú ọkọ̀ kí ìyá òun má baà bínú. Ó gbé oorun fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbà á, ó gbé e lé itan, kò sùn. Ó ní, "Mo mọ ọkọ̀ yẹn. Ta ló wa apá kejì? Mi ò ní sùn títí màá fi rí i." Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Ìkúnayọ̀ sunkún, kò sì tijú. Láti kékeré ló ti ń retí gbólóhùn yẹn.

"Kí ló dé tí ẹ fi yí i padà fún mi, mà?"

Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwé yẹn ò sọ ibi tí ìyá náà gbé lẹ́yìn ìyẹn. Mo bi olùkọ́ wa nígbà náà, ó ní kò sí nínú ìdánwò. Bàbá Gbénga ti lọ. Òun nìkan ló kù mí kù nínú ilé yìí. Bó bá bá ẹ lọ sétí omi, ta ló máa bá mi gbé?"

Ọ̀sán ti ń lọ, kò tíì sẹ́ni tó jẹun nínú wọn. Gbénga sì ti sọ fún Ìkúnayọ̀ rí pé àlejò kì í wọ ilé ìdáná Màmá. Pálọ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ bá a, ọmọ ilé nìkan ló ń wọ ẹ̀yìn.

Ìkúnayọ̀ dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

"Mà," ó ní, "níbo lẹ ń gbé iyọ̀ sí?"

Màmá wò ó títí.

"Inú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì," Màmá ní. "Bó o bá bù ú tán, ibẹ̀ ni kó o dá a padà sí. Mi ò ní máa wá iyọ̀ mi kiri torí pé o ti ń bá mi gbé."