Jẹ́sì Husain

"Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀ ni Husain!"

Ariwo yìí ló gba ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ìwòyè-Kétu, bí ikọ̀ Nàìjíríà àti ti Benin ṣe ń jáde sórí pápá fún ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Husain, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìwòyè níbí, ló wọ jẹ́sì Benin. Roheemat jókòó láàárín èrò. Ìyá Husain ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, inú ilé kan náà sì ni òun àti Husain ti dàgbà.

Ọ̀dàlẹ̀ kẹ̀? Ta ló da ta? Nígbà tí Husain lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, ó gbá bọ́ọ̀lù ju gbogbo wọn lọ. Àmọ́ bó ṣe lanu sọ̀rọ̀ bí ará Kétu báyìí, àwọn tó ń ṣà wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ará Kútọnu, máa lọ sílé yín!" Ó sunkún dé Ìwòyè. Nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo yìí, ẹnì kan ò gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Benin, ìlú bàbá rẹ̀, wá pè é, ó di ọ̀dàlẹ̀! Ẹ ò rí nǹkan?

Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ bọ́dà ní Ìwòyè? Nàìjíríà ni bàbá Roheemat ń sùn, ilẹ̀ Benin ni oko rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Kétu, lódìkejì bọ́dà, àwọn obìnrin Ìwòyè ló ń lọ dáná. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń rántí bọ́dà.

Roheemat wọ jẹ́sì yẹ́lò kan sábẹ́ híjáàbù rẹ̀. Husain ló fi ránṣẹ́. "Ìwọ lo máa ń bá mi gbé bàtà lọ sí pápá," ó ti sọ fún un lórí fóònù. "Ìwọ ni kó o wọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi."

Fadékẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ká híjáàbù náà sókè. "Ẹ wá wo jẹ́sì ọ̀dàlẹ̀ lára Roheemat o! Ṣé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ẹ lo wà ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Wọ́n ń hó lé e lórí. Ìtìjú mú un, ó bọ́ jẹ́sì náà kúrò lórí gáùn rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi!" ó pariwo. "Ilé wa ló kàn gbé. Ará Kútọnu ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ń tẹ jẹ́sì náà mọ́lẹ̀.

Obìnrin kan dìde láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Yéè! Màmá Husain ni. Iná ò sí lọ́dọ̀ wọn ní Kétu, ló ṣe gun ọ̀kadà wá wo ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú jẹ́sì náà, ó gbọn eruku rẹ̀.

"Roheemat, ohun tí wọ́n sọ fún un ní Abẹ́òkúta nìyẹn," ó ní. "Àwọn yẹn ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́?"

Ó jáde, kò dúró wo bọ́ọ̀lù mọ́.

Ọ̀mì ni wọ́n gbá. Husain ló gbá ti Benin wọlé, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn aláìnítìjú yẹn wá ń sọ: "Ọmọ wa ni! Ọmọ Ìwòyè ni!" Fadékẹ́mi gan-an ń fò sókè.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?" Roheemat jágbe mọ́ wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú ò tiẹ̀ tì yín! Èmi náà ò sì nítìjú!"

Ó sáré délé. Màmá Husain ti ń fọ jẹ́sì náà lẹ́yìnkùlé. Roheemat kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má sọ fún Bùrọ̀dá Husain."

"Èmi ò ní sọ fún un. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Fóònù dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí Husain bèèrè ni pé, "Roheemat, ṣé o wọ̀ ọ́?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ìwọ náà, Roheemat?" ó ní.

Husain padà dárí jì í, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò létí Roheemat. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó wọ jẹ́sì ìlú bàbá rẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, torí kí ọ̀rẹ́ lè pàtẹ́wọ́ fún un, òun gan-an ni.