Mọ́tò Bàbá Kílódé Kì Í Tètè Gbéra

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kílódé jí kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an ni Kílódé. Ìbéèrè rẹ̀ ló pọ̀. Kí ló dé tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé wa? Kí ló dé tí bàtà fi jẹ́ méjì? Nígbà tó sú gbogbo ilé, wọ́n sọ ọ́ ní Kílódé.

Ó wẹ̀, wàà, wàà. Ó wọṣọ. Ó wọ bàtà, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì.

Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ọ̀sẹ̀ yìí ló kàn án láti lu agogo ilé-ìwé.

Agogo náà tóbi. Irin ni. Tí a bá lù ú, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Gbáàn, gbáàn, gbáàn.

Ṣùgbọ́n agogo kì í dúró de ẹnì kankan. Tí ẹni tó kàn bá pẹ́ dé, ọmọ mìíràn á lù ú. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá sì ti parí, ó parí nìyẹn.

Kílódé sáré jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Bàbá rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Kírí-kírí-kírí, fùùm. Mọ́tò jí.

"Ó yá, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Rárá o," ni Bàbá wí. "Ẹ́ńjìnnì ní láti gbóná ná."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ife tíì wọn. Òfin ilé náà nìyẹn. Mọ́tò kì í gbéra láàárọ̀, àfi tí awakọ̀ bá mu ife tíì kan tán.

Ife Bàbá ọ̀hún sì rèé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó garawa.

Fúù, Bàbá fẹ́ ẹ. Súú, Bàbá mu ún. Hùn, hùn, hùn, mọ́tò ń kùn.

Ọmọ ilé kejì gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Àwọn ìbejì ọmọ aránbàtà fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìgbín nìkan ló kù tí kò tíì kọjá.

Fúù. Súú. Hùn, hùn, hùn.

Kí wọ́n tó dé ilé-ìwé, Kílódé ti gbọ́ ọ. Gbáàn, gbáàn, gbáàn. Ọmọ mìíràn ló ń lu agogo rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kílódé tún tètè jí. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Fúù. Súú. Hùn, hùn, hùn.

Gbáàn, gbáàn, gbáàn. Ọmọ mìíràn ni.

Ní Ọjọ́rú, Kílódé ò tilẹ̀ bọ́ bàtà sùn. Fúù. Súú. Hùn, hùn, hùn.

Gbáàn, gbáàn, gbáàn. Ọmọ mìíràn ni.

Ọjọ́ méjì péré ló kù.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Kílódé bi Bàbá léèrè. Kí ló dé tí mọ́tò fi ní láti dúró de tíì?

Bàbá ronú. Wọ́n họ orí. Wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe kọ́ àwọn nìyẹn.

Kílódé mọ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ó gba yàrá Màmá àgbà lọ tààrà.

Màmá àgbà kì í ṣe ẹni kékeré nídìí ọkọ̀. Ogún ọdún ni wọ́n fi wa takisí. Wọ́n ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù nígbà tí Kílódé kúnlẹ̀ kí wọn.

"Màmá àgbà, kí ló dé tí mọ́tò wa fi ń dúró de tíì?"

Màmá àgbà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Mọ́tò mi àtijọ́ ni ìyẹn," ni wọ́n wí. "Arúgbó ni. Tí ara rẹ̀ ò bá tíì gbóná, á wúkọ́, kọ́hù, kọ́hù, á sì kú sójú ọ̀nà. Mo ní láti dúró dè é. Bí mo ṣe ń dúró ni mo ń mu tíì mi."

"Mọ́tò Bàbá ńkọ́?"

"Tuntun ni tiyín. Kò ní wàhálà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ ka ení dé ọgbọ̀n, kí ẹ máa lọ jẹ́jẹ́. Ìrìn ló máa mú un gbóná."

Kílódé la ẹnu sílẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni Màmá àgbà ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

"Kò bi mí," ni Màmá àgbà wí. Wọ́n tún mú abẹ́rẹ́ wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, òtútù mú díẹ̀. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Kírí-kírí-kírí, fùùm. Wọ́n na ọwọ́ sí ife.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má tíì mu ún."

Kílódé ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò gbàgbé ìkankan.

Bàbá wo mọ́tò. Wọ́n wo tíì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní tí mọ́tò bá wá kú sójú ọ̀nà ńkọ́?

Fèrèsé òkè ṣí, kẹ̀ẹ̀. Màmá àgbà yọjú.

"Tó bá kú, èmi ni màá tì í."

Bàbá gbé ife sílẹ̀.

Kílódé de bẹ́líìtì, kọ́. Bàbá de bẹ́líìtì, kọ́. Wọ́n jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ọgbọ̀n.

Mọ́tò gbéra. Bàbá ò sáré. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wà á. Kílódé dẹ etí. Kò gbọ́ ikọ́ kankan.

Wọ́n kọjá ilé aránbàtà. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ara ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kò wúkọ́, kò kú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu súfèé.

Ilé-ìwé dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí wọ́n dé. Kò sí ẹnì kankan nídìí agogo.

Kílódé fi ọwọ́ méjèèjì di irin tí wọ́n fi ń lu agogo mú. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú.

Gbáàn. Gbáàn. Gbáàn.

Àwọn ọmọ sáré bọ̀ láti ọ̀tún. Wọ́n sáré bọ̀ láti òsì. Kílódé rò ó nínú ara rẹ̀ pé kò sí ohùn tó dùn tó báyìí láyé.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti tò tán, mọ́tò kan wọlé, vùùù. Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ máà bínú, àwọn ń dúró kí mọ́tò àwọn gbóná ni.

Kílódé kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi.

"Ẹ jókòó, mà," ló wí. "Màá ṣàlàyé fún yín."