Mítà Àkọ́kọ́

Fìlà pupa ló kọ́kọ́ rí. Bíríkìlà náà wà ní àjà kẹrin òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan, ó ń rẹ́ ògiri lọ, nígbà tó wo ìsàlẹ̀ tó rí ọmọbìnrin kan tó dé e létí òkun tó ń bá téèpù ìwọnlẹ̀ jà. Bó bá na téèpù náà síhìn-ín, atẹ́gùn á gbé e lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà jókòó sórí yanrìn, ó dijú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Bíríkìlà sọ̀kalẹ̀. Ó ti rẹ òun náà. Ta ni kò tíì rẹ̀ ní ìlú ìgbafẹ́ yẹn? Ọdọọdún ni ọ́fíìsì ètò ìlú ń tẹ ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde pé iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú, ọdọọdún náà ni wọ́n sì ń wó ohun tí wọ́n kọ́ lésìí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín di ìdí rẹ̀ mú."

"Ẹ ṣeun o. Ẹnìkejì mi ò wá síṣẹ́. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti já. Ibi tí wọ́n kọ oókan sí ni kí ẹ dì mú. Tí mo bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, màá yọ mítà kan náà kúrò."

Wọ́n wọ̀n ọ́n láti odi etí òkun títí dé ògiri iwájú ilé kan tó kẹ́yìn sí òkun, tó kọjú sí títì. Ilé ìyá bíríkìlà ni, yàrá mẹ́fà tó fi ń gba àlejò.

"Ẹ rọra o," ni bíríkìlà wí. "Arúgbó nilé yìí, ẹ má rín in nígàkè."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ojú bíríkìlà tí sìmẹ́ńtì ti sọ di funfun, ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ogójì sínú ìwé rẹ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Lọ́sàn-án, lásìkò ìsinmi, wọ́n á jókòó sórí yanrìn, wọ́n á pín oúnjẹ inú abọ́ kan. Bíríkìlà ń pè é ní Onítéèpù mi, ọmọbìnrin náà ń pè é ní Eléérú nítorí sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀.

Lọ́dún kejì, pílánù títì tuntun jáde. Títì náà gba àbọ̀ mítà nínú ilé ìyá yẹn, òfin wọn sì ni pé ilé tí títì bá ti kàn, wíwó ni. Onítéèpù fúnra rẹ̀ ni ọ́fíìsì ètò ìlú rán láti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri.

"Ọwọ́ tó kun ọ̀dà sílé mi ni wàá fà wọlé wá fún mi?" ni ìyá bi ọmọ rẹ̀. "Láé!"

"Màmá, iṣẹ́ ló rán an."

"Kó máa bá iṣẹ́ lọ."

Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń pàdé láìsọ púpọ̀. "Mi ò lè já Màmá sílẹ̀," ni bíríkìlà máa ń wí, "mi ò sì lè fi ọ́ sílẹ̀. Ó ti sú mi, olólùfẹ́."

"Èmi náà, ọkọ mi."

Lọ́dún kẹta, bí Onítéèpù ṣe ń kó ìròyìn ọdọọdún jọ, ó ṣí ìwé àtijọ́ rẹ̀. Ogójì. Ogójì náà ló kà lórí téèpù. Ẹ̀rín ló ń rín lọ́jọ́ náà, kò yọ mítà àkọ́kọ́ kúrò.

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni ọ̀gá rẹ̀ wí nígbà tó sọ ọ́ fún un. "Ìwé ti jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ ni ipò olórí awọnlẹ̀ kàn, má fọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́."

Ó lọ bá bíríkìlà, ó jẹ́wọ́ fún un.

"Ṣé èmi ni mo fi àwàdà wó ilé ìyá mi?"

"Wọn ò tíì wó o. Wá di ìdí rẹ̀ mú."

Mọ́kàndínlógójì. Ògiri náà fi àbọ̀ mítà jìnnà sí títì. Onítéèpù kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ìlú, ó fọwọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀. Wọn ò wó ilé náà mọ́, wọ́n fi ipò olórí fún ẹlòmíì, wọ́n sì gbé òun lọ sí yàrá fáìlì tí kò ní fèrèsé.

Ní Sátidé, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búrọ́ọ̀ṣì wá, ó ń fọ ọ̀dà pupa kúrò lára ògiri. Kò fẹ́ kúrò. Ìyá ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó tó, ọmọ mi. Ṣé téèpù wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọ́n ti gba tuntun lọ́wọ́ mi, Màmá. Èyí tó já ló kù, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nù ni mo bá mú un."

"Mú un wá. Yàrá igun tó kọjú sí òkun, mi ò ní gba àlejò síbẹ̀ mọ́. Bá mi wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì máa gbà níbẹ̀."

Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. Bíríkìlà ti wọ yàrá ṣáájú, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di téèpù mú.

"Oókan ni mo dì mú o, Onítéèpù."

"Mo mọ̀." Ó na téèpù dé òdì kejì, ó kà á, ó tún un kà. Márùn-ún ló rí.

"Mítà mẹ́rin," ló wí. "Á gbà wá."