Oògùn Tí Kò Lórúkọ

Zipporah yí ọ̀rá kékeré náà síwá sẹ́yìn. Oògùn funfun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè é?" ó bi Kingsley.

"Oògùn agbára ni. Àbí o fẹ́ kí Qudirat tún gbé ẹ ṣánlẹ̀ ni?"

Kingsley ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń kọ́ júdò lọ́dọ̀ Kóòṣì Ignatius ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí Zipporah bi í bóyá òun náà ń lò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ara fu ọmọbìnrin náà. Síbẹ̀, ìyára nìkan ló ní, agbára Qudirat sì ti borí ìyára yẹn níṣojú gbogbo iléèwé. Ó fi ọ̀rá náà sínú báàgì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà, kò sì pẹ́ tó fi sanra. Ó ń gbé àwọn tó tóbi jù ú lọ níbi ìdánrawò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yìn ín. Kóòṣì kò yìn ín. Ó kàn ń wo ojú rẹ̀ tó wú. Àǹtí Monica tí Zipporah ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bi í ohun tó ń jẹ. Zipporah ní iyán tí òun jẹ ní ìlú Ìjagbà nígbà ìsinmi ni. Àǹtí kò gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹni méjì bá ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Zipporah á rò pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó di Qudirat mú, ó fi gbogbo agbára fà á. Qudirat yẹ̀ ẹ́. Zipporah fẹ́ tètè yí padà bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára mọ́. Qudirat gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, òòyì kọ́ ọ, kò sì lè dìde.

Ní ọsíbítù, dókítà ní oògùn náà ti mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, pé omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí Zipporah rò pé ó jẹ́ iṣan ara.

"Ta ló fún ẹ?" Kóòṣì bi í.

Kingsley dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí i pé kó má sọ. Zipporah gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Kingsley ni, sà. Ṣùgbọ́n ara ti fu mí kí n tó gbé e mì."

Kóòṣì lé Kingsley kúrò. Ó ní Zipporah kò ní bá ẹnikẹ́ni díje títí ọdún yóò fi yí po. Nígbà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn yòókù, àwọn méjì yọ irú ọ̀rá kan náà jáde nínú báàgì wọn.

Ìyára tí Zipporah fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ wíwú lásán. Bí ara bá fu yín sí nǹkan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó fi sẹ́nu.