Ewé Tí Wọ́n So Mọ́ Kẹ̀kẹ́

"Ta ló so ewé mọ́ kẹ̀kẹ́ mi? Ẹ jáde síta! Ta ni ọ̀tá mi ládùúgbò yìí?"

Zulkifli ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ibùdó rélùwéè àtijọ́ ní Òṣogbo. Òun ló ṣe áàpù kan tó pè ní Gùn-ún-lọ: wàá fi fóònù rẹ ṣí kẹ̀kẹ́ ológeere níbí, wàá gùn ún débi tí ò ń lọ, wàá sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ká sòótọ́, áàpù náà dára lójú. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́.

Ó já ewé náà, ó sọ ọ́ nù.

"Má sọ ọ́ nù!" Àlàájà Nọ́síràtù, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀, ti ń sáré bọ̀ tòun ti téèpù lọ́rùn. "Ewé yẹn ń sọ̀rọ̀!"

"Àlàájà, ayé ti kúrò níbẹ̀. Ayé fóònù la wà. Ewé kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ìwọ lo dití, o wá ń pe ewé ní odi!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á, Kifayat, tó máa ń mú àlejò káàkiri Igbó Ọ̀ṣun, ti fi fóònù rẹ̀ ṣí kẹ̀kẹ́ náà gan-an, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá. Àlàájà fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó rẹ̀ mú.

"Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àlejò ń dúró dè mí."

"Wọ́n á dúró. Tẹ bíréèkì."

Kifayat tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni gbọ́, ó ń yí lọ ni. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń sáré bọ̀ wá pàdé ẹni. Ó rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Nígbà tí rélùwéè ń jẹ́ rélùwéè," Àlàájà ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ibí ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, màá di bẹ́líìtì rẹ̀ mú pinpin. Láàárọ̀, fèrè ọkọ̀ ojú irin á dún, agogo kẹ̀kẹ́ á gba gbogbo títì kan, bíi pé ìlú ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ á yá ti Bàbá Bọ́lárìnwá lábẹ́ igi máńgòrò ọ̀hún. Tó o bá dá a padà, kò ní gbà á láì bi ọ́ pé, 'Báwo ló ṣe gbé ọ?' Tó ò bá sì bá a níbẹ̀, tí bíréèkì ti já, wàá so ewé mọ́ ọn lọ́wọ́, bí awakọ̀ ṣe ń já ewé sójú títì tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú. Kò sọ́mọ Òṣogbo tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹni tó gùn ún kẹ́yìn ló so èyí tí Zulkifli já yẹn."

Ó wo ibi tí igi máńgòrò náà wà rí. Kùkùté rẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Mo fi ibi tí wọ́n ti lè fẹjọ́ sùn sínú áàpù mi!" ni Zulkifli wí. "Wò ó, ìsàlẹ̀ níbí…"

"Má fi hàn mí," Kifayat ní. "Jẹ́ kí n wá a fúnra mi."

Ó tẹ ibí, ibi ìsanwó ló ṣí. Ó tẹ ọ̀hún, àwòrán ìlú ló jáde. Nígbà tó jàjà rí i, Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọgbọọrọ ni, wọ́n ní kó kọ àlàyé, kó ya fọ́tò sí i.

"Kí n tó kọ èyí tán, ẹlòmíràn á ti gùn ún já sí kòtò."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Oyèṣọlá, olùkọ́ kọ̀ǹpútà láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí Zulkifli fúnra rẹ̀ pè wá wo iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ náà.

"Zulkifli, ta lo fi áàpù yìí hàn kó tó jáde?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi."

"Àwọn tó ń wa mọ́tò?"

Zulkifli ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.

"Gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe áàpù fún ará ìlú, kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ará ìlú. Gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, pa ẹnu ẹ dé, kó o máa wo ìka wọn. Ibi tí ìka bá ti ṣìnà, iṣẹ́ rẹ ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, kì í ṣe orí wọn. Kọ 'Kẹ̀kẹ́ yìí ti bàjẹ́' síwájú pátápátá, ní Yorùbá, gàdàgbà. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kí kẹ̀kẹ́ tì pa lójú ẹsẹ̀. Kọ nọ́ńbà ìpè sára kẹ̀kẹ́, nítorí fóònù ẹlòmíràn ò mọ̀ ju ìpè lọ." Ó kọjú sí àwọn tó ti pé jọ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gùn ún náà, ẹ tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ tó gùn. Bí kò bá mú, ẹ má gùn ún, ẹ sì má dákẹ́."

Zulkifli họ orí. "Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yẹn á pẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n ṣì máa gùn ún báyìí ná."

Àlàájà Nọ́síràtù ti kẹ̀kẹ́ náà dé iwájú rẹ̀, ó fà á lé e lọ́wọ́.

"Kò burú. Pe Àdùnní ìyá rẹ wá, kó gun èyí sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lójú wa."