Epo Inú Àkùrọ̀

Ọmọ́tóyọ̀sí ká etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i, ó ń wo oko ìyá àgbà Grace bí ẹni tó dé ààtàn. Ọmọ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ní Ìkẹ́rẹ́. Grace, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló mú un wá sí ọ̀nà Ìṣẹ́ kí wọ́n wá ohun tí wọn yóò fi ṣe ìdíje sáyẹ́ǹsì. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìwé yóò rán lọ sí Adó, ó sì ti dá Ọmọ́tóyọ̀sí lójú pé òun ni.

Lójú omi àkùrọ̀ tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, nǹkan kan ń dán bí òṣùmàrè.

"Epo rọ̀bì nìyí," ni Ọmọ́tóyọ̀sí wí.

"Éè ṣe epo, ọmọ mi," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Mú ugi tọ́ ọ wò. Epo á tún so pọ̀. Kinní yìí á fọ́ ni. Omi tó dógùn-ún bí irin ni."

Ọmọ́tóyọ̀sí yínmú. Kí ni arúgbó tí kò mọ̀wé kà mọ̀ nípa epo? Kò fi igi tọ́ nǹkan kan. Ó bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ẹrẹ̀ lásán ló kù nínú ìgò. Ó yẹ kó dà á nù. Àmọ́ kí òun wá gbà pé àgbẹ̀ gbọ́n ju òun lọ? Ọ̀mọ̀ràn ńlá, ló bá kán kẹrosíìnì sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ sí Adó, ó gbé ìgò náà síwájú kíláàsì pé epo rọ̀bì inú àkùrọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ewéko àti ẹ̀dá tíntìntín inú òkun ló kú láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ bò wọ́n, ilẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ooru sè wọ́n di epo. Egungun àwọn ẹranko mìíràn sì di òkúta."

Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀, tíṣà jọ́gíráfì, ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"O mọ ìwé há sórí. Irú àpáta wo ló wà lábẹ́ Ìkẹ́rẹ́?"

"Àpáta líle, bíi ti òkè Olósùnta, sà."

"Ooru inú ilẹ̀ ló yọ́ ọ kó tó tutù. Ẹrẹ̀ òkun wo ló wà níbẹ̀? Kẹrosíìnì ńkọ́? Àkùrọ̀ wo ló ń fọ epo rọ̀bì di kẹrosíìnì?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọmọ́tóyọ̀sí dé eegun. Tíṣà fa igi lé orúkọ rẹ̀.

"Ká ní o gbé omi yẹn wá bó ṣe wà," ó wí, "tí o sọ ìdí tí kì í fi í ṣe epo, ìwọ ni ì bá lọ sí Adó."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí kò kàwé, tó tún wá ń purọ́ kí àṣìṣe rẹ̀ má baà hàn, òun gan-an ni òpè.