Màlúù Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Kò sí àbùlà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo ọgbà Don Sinforiano, bóyá ẹran kan ṣì ń jẹko níbẹ̀.

Eulalia ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn ẹnu-àti-ẹsẹ̀ màlúù ní Paraguay. Bí wọ́n bá fẹ́ dán abẹ́rẹ́ tuntun wò, wọ́n á kó àrùn náà ran àwọn ẹran tó ti gba abẹ́rẹ́ náà, àti ọ̀kan tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Eulalia bá lọ mú Panambi nílé bàbá rẹ̀, màlúù tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, èyí tí bàbá fi ìgò mílíìkì tọ́ dàgbà lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò sọ fún bàbá pé ẹran náà kò ní padà wálé.

Abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́. Panambi nìkan ló ṣàìsàn. Wọ́n pa á, wọ́n sin ín, wọ́n da ẹfun bò ó. Ojú Eulalia ló ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ìlú ń sun oorun ọ̀sán, tí ajá pàápàá kò gbó, fóònù Eulalia dún. Bàbá rẹ̀ ni.

“Lali, o ò tiẹ̀ sọ pé ẹ ti tú u sílẹ̀.”

“Ta ni, Bàbá?”

“Panambi mà ni! Ẹnu géètì ni mo ti bá a. Ó ti rù o, ẹ ò fún un lóúnjẹ ni? Nǹkan funfun kan sì bò ó látorí dé ẹsẹ̀.”

Eulalia fò dìde.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ àwọn yòókù!”

“Ṣé orí ẹ pé? Wọ́n ti ń lá a lẹ́nu.”

Eulalia wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó dé, ẹyẹ kan kò ké. Àwọn màlúù tò sídìí ọpọ́n omi, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ láàárín. Kò sí èyí tó bọ́ síbẹ̀.

“Ó dà?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán ni.” Bàbá ń mu tereré rẹ̀, àgbo ewé olómi tútù, jẹ́ẹ́jẹ́.

Itọ́ gígùn léfòó lórí omi. Eulalia la ẹnu ọmọ màlúù kan. Ìléròrò ti bo ahọ́n rẹ̀. Àrùn yìí kì í yára yọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láàárín wákàtí kan. Ó mọ òfin: bí ọ̀kan bá ti ní in, gbogbo wọn ni wọn yóò yìnbọn pa. Ohun tí bàbá ní láyé nìyẹn.

Ó mú fóònù.

“Ta lò ń pè?”

“Ìjọba, Bàbá. Panambi ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín.”

Nígbà náà ni màlúù kan ké nínú igbó, lójú ọ̀nà géètì.

“Òun nìyẹn,” ni bàbá wí. “Lọ sọ fún un pé ó ti kú.”